Ẹ má fi ìwé nìkan dájọ́: bí a ṣe ń fi ẹ́ńjìnnì àti ìrìn ọkọ̀ asáré Japan wé ara wọn

Ìbéèrè kan wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa tá a fẹ́ràn ọkọ̀ asáré Japan, òun ni "èwo ló le jù nínú Supra ti Toyota àti Skyline GT-R ti Nissan àti RX-7 ti Mazda?". Kẹ́nì kan tó sọ̀rọ̀ tán, ẹlòmíì á ti máa ka họ́ọ̀sìpáwà sílẹ̀ bí ẹni ń ka owó, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ n sọ nnkan kan fún yín nípa nọ́ńbà yẹn. Láti 1989 títí wọ 2004, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ní Japan ní àdéhùn láàárín ara wọn pé ọkọ̀ tí wọ́n bá ń tà nílé lọ́dọ̀ wọn ò gbọdọ̀ kọjá 280PS nínú ìwé (PS ni ìwọ̀n họ́ọ̀sìpáwà tí wọ́n ń lò ní Japan). Skyline GT-R, 280. Supra Turbo, 280. NSX, 280. RX-7 náà gòkè díẹ̀díẹ̀ láti 255 títí tó fi dé 280 ní 1999. Lancer Evolution àti Impreza STI tí ẹ́ńjìnnì wọn ò ju lítà 2 lọ, àwọn náà bá wọn dé 280. Ìgbà tí Honda gbé Legend jáde ní 2004 pẹ̀lú 300PS ni àdéhùn yẹn tó tú.

Ọkọ̀ mẹ́fà, nọ́ńbà kan ṣoṣo! Ẹni tó bá sì ti wa méjì péré nínú wọn mọ̀ pé wọn ò jọra rárá, ọ̀kan ń fà láti ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń fa okùn, òmíì ń sùn títí ẹ máa fi gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sókè kó tó jí, ọ̀kan ń wọ kọ́ọ̀nà bí ẹja nínú omi, òmíì sì ń wúwo lórí. Kódà Supra tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, 320 ni wọ́n kọ sí tiẹ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó dáa ju èkejì lọ, yálà ẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ kàn fẹ́ mọ òótọ́, ẹ ní láti mọ ibi tí agbára yẹn wà lára ẹ́ńjìnnì, ẹrù tó ń gbé, àti bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe di ilẹ̀ mú tó, kẹ́ ẹ sì wá gbé àwọn méjèèjì sí ipò kan náà kẹ́ ẹ tó fi wọ́n wéra. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Ẹ ka ìwé, àmọ́ ẹ kà á délẹ̀

Nínú ìwé ọkọ̀ kankan, ẹ wá họ́ọ̀sìpáwà àti ìyípo tó ti jáde, ẹ wá tọ́kì àti ìyípo tí òun náà ti jáde, ẹ wá ìwọ̀n ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ka nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan wọ́n á fi ìyípo sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé inú ìyípo yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Tọ́kì ò ṣòro. Ẹ fi ojú inú wo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tó ti dì. Bí ọwọ́ yín ṣe le tó lórí sípánà, ìyẹn ni tọ́kì. Bí ẹ ṣe ń yára yí i tó, ìyẹn ni ìyípo. Tẹ́ ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, ó di họ́ọ̀sìpáwà. Ìṣirò rẹ̀ rèé: ẹ mú tọ́kì ní Nm, ẹ fi ìyípo ìṣẹ́jú kan sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi 7024 pín in, PS lẹ máa rí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi Honda S2000 àti Lancer Evolution IX ṣe é. S2000 tó kọ́kọ́ jáde ní 1999, lítà 2 ni, kò ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọnú ẹ́ńjìnnì), 250PS ní ìyípo 8300, tọ́kì rẹ̀ 218Nm ní ìyípo 7500. Evo IX náà lítà 2, ó ní tọ́bò, 280PS ní ìyípo 6500, tọ́kì 400Nm ní ìyípo 3000. Lójú ẹni tó ń ka PS nìkan, 30 péré ló wà láàárín wọn. Ẹ wá ṣírò é ní ìyípo 3000: Evo ń gbé 171PS níbẹ̀. Tá a bá tiẹ̀ ṣàánú S2000 ká fún un ní 200Nm níbẹ̀, 85PS ló máa rí. Ìdajì gééré! Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ láàárín ìyípo 2500 sí 4000 lójoojúmọ́ á búra pé S2000 ò lágbára, kò sì parọ́ níbi tó ti ń wà á.

Àmọ́ ẹ má tíì dájọ́. Àwọn Honda mọ nnkan tí wọ́n ń ṣe, wọ́n fún un ní gíà mẹ́fà tó sún mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá ti gíà láti ẹkejì sí ẹkẹta nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti dé 9000, ó máa bọ́ sí nnkan bíi 6500, VTEC (ẹ̀rọ Honda tó ń yí bí fáàfù ṣe ń ṣí padà) sì ti ṣí láti nnkan bíi 6000, ìyẹn ni pé àwọn fáàfù ti bọ́ sórí kámù ńlá, ẹ́ńjìnnì ò ní kúrò níbi tó ti dùn mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń lo ọkọ̀ náà bó ṣe yẹ ò ní mọ̀ pé ìyípo 3000 wà láyé rárá. Torí náà ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín ni pé, inú ìyípo wo ni mo máa wà lọ́pọ̀ ìgbà? Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fi wọ́n wéra.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Toyota GT86 àti GR86 tó gba ipò rẹ̀. GT86 ní 200PS, tọ́kì 205Nm, ibi tí tọ́kì yẹn sì wà ga, ìyípo 6400, kòtò kan tún wà láàárín, ní agbègbè 4000, tẹ́ ẹ máa tẹ iná (pẹ́dàlì tó ń mú ọkọ̀ sáré) tí ọkọ̀ á dà bí ẹni tó ń ronú. GR86 gba ẹ́ńjìnnì lítà 2.4, ó di 235PS ní Japan, tọ́kì di 250Nm ní ìyípo 3700. Nínú ìwé, PS fi 35 lé. Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ míì ni.

Ẹ tún kíyè sí RX-7, torí ó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n á ní "lítà 1.3 ló ń gbé 280PS, iṣẹ́ ìyanu ni!". Ẹ́ńjìnnì rotary ni, 654cc lọ́nà méjì, ìyẹn 1308cc. Kò ní písítìnì, ohun onígun mẹ́ta kan ló ń yí nínú rẹ̀, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ tó tó 1308cc ní gbogbo ìgbà tí ṣáàfù bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnnì onípísítìnì tí gbogbo wa mọ̀, ìdajì lítà rẹ̀ ló ń fà ní ìyípo kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe òdodo, ẹ́ńjìnnì RX-7 yẹn, onípísítìnì lítà 2.6 ló yẹ kẹ́ ẹ fi wé. Kí ló wà nínú Skyline GT-R? RB26, 2568cc, tọ́bò méjì, 280PS. Ẹ wò ó, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Ohun ìyanu tó wà lára rotary ni pé ó kéré, kò sì wúwo, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè tì í sẹ́yìn jìnnà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ìwọ̀n, àti ibi tí ìwọ̀n jókòó sí

Ẹ fi PS pín kíló ọkọ̀, iye kíló tí PS kọ̀ọ̀kan ń gbé ló máa jáde, èyí tó bá kéré ló máa yára jù. Skyline GT-R R32, 1430kg, 280PS, ó jẹ́ 5.1. S2000 tó wà ní nnkan bíi 1240kg, 5.0. Ẹ rí i bí ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò tí kò sì ju lítà 2 lọ ṣe bá GT-R dọ́gba. Mazda MX-5 ti 2015, èyí tó fúyẹ́ jù ní Japan, 990kg pẹ̀lú 131PS, 7.6 ló jẹ́, kò lè bá wọn sáré lórí títì tó gùn, bẹ́ẹ̀ ló sì wà nínú àwọn ọkọ̀ tí mo fẹ́ràn jù láti wà.

Kí ló fà á? Ibi tí ìwọ̀n jókòó sí. Ẹ gbé garawa omi méjì, ẹ mú wọn mọ́ àyà yín kẹ́ ẹ yí padà lójijì. Ẹ wá na ọwọ́ méjèèjì jáde pẹ̀lú garawa yẹn kẹ́ ẹ tún yí padà. Ìwọ̀n ò yí, ṣùgbọ́n ìyípadà ti le, dídúró gan-an tún wá le jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀. S2000 àti RX-7, gbogbo ẹ́ńjìnnì wọn wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ó súnmọ́ àárín. NSX àti MR2, ẹ̀yìn ìjókòó yín ni ẹ́ńjìnnì wà. Impreza àti Evo, ẹ́ńjìnnì wọn ti yọ lọ sí iwájú ẹsẹ̀, ti Impreza kàn wà nílẹ̀ díẹ̀ torí pé boxer ni, silíńdà rẹ̀ dùbúlẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì. R32 gbé irin ńlá onísilíńdà mẹ́fà síwájú. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ á ti mọ nnkan tẹ́ ẹ fẹ́ máa gbọ́ látinú sitíárìn.

Bí ẹ ṣe lè dán ẹ́ńjìnnì wò láìní dáínò

Dáínò ni ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀. Tẹ́ ẹ ò bá rí i lò, ẹ wá ibi tí kò sí èrò, pápá eré mọ́tò tàbí ibi gbalasa tí wọ́n ti gbà yín láyè. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe títì gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, ẹ má wo abẹ́rẹ́ omi nìkan, ọ́ìlì máa ń pẹ́ gbóná ju omi lọ, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ti gíà sí ẹkẹta, kí ọkọ̀ máa lọ pẹ̀lẹ́ ní nnkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí, ẹ wá tẹ iná délẹ̀ kẹ́ ẹ dì í mú títí tó máa fi kọjá 105. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á máa ya fídíò fóònù kan tó ń fi GPS ka eré. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé abẹ́rẹ́ eré tó wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń kà ju òótọ́ lọ, bó sì ṣe ń kà jù ò dọ́gba láti ọkọ̀ kan sí òmíì. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ ka iye àwòrán tó wà nínú fídíò láti 60 dé 100. Fóònù tó ń ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó bá jẹ́ àwòrán 270 lẹ kà, ẹ fi 60 pín in, ìṣẹ́jú-àáyá 4.5 nìyẹn. GPS fóònù máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ fóònù kan náà lẹ fi wọn ọkọ̀ méjèèjì, ẹ ṣì lè fi wọ́n wéra.

Ẹ ṣe é nígbà mẹ́ta lálọ, mẹ́ta lábọ̀, torí ilẹ̀ tó dà bíi pé ó tẹ́jú lójú lè dà díẹ̀, atẹ́gùn náà ò sì bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ to èsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti kékeré sí ńlá, ẹ mú méjì tó wà láàárín, ẹ pa wọ́n pọ̀ kẹ́ ẹ fi 2 pín in. Èèyàn kan náà ni kó jókòó sínú ọkọ̀ méjèèjì, kí epo inú wọn sì sún mọ́ra, torí lítà epo kan tó nnkan bíi kíló 0.75, lítà 40 tó yàtọ̀ ti di kíló 30 nìyẹn, ìyẹn sì hàn lára MX-5.

Lẹ́yìn náà ẹ tún un ṣe lọ́nà kejì: láti 60 dé 100 yẹn kan náà, àmọ́ gíà tó tọ́ sí i lẹ máa lò báyìí, kí ẹ́ńjìnnì ti wà lókè kẹ́ ẹ tó tẹ iná. Àlàfo tó wà láàárín èsì àkọ́kọ́ àti èkejì ń sọ irú ẹni tí ọkọ̀ náà jẹ́. Tí àlàfo yẹn bá kéré, ẹ́ńjìnnì yẹn ò le bínú, ó máa dá yín lóhùn níbikíbi tẹ́ ẹ bá bá a. Tó bá tóbi, ọkọ̀ tó fẹ́ kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ ni, kò sì burú, àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, èmi gan-an wà lára wọn.

Fún tọ́bò, ẹ gbọ́ra yín. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti tẹ iná títí di ìgbà tí ẹ̀yìn yín lẹ̀ mọ́ ìjókòó, báwo ló ṣe pẹ́ tó? RX-7 ti 1990s àti Supra A80, tọ́bò méjì wọn kì í ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ló ń ṣíwájú, èkejì á wọlé ní nnkan bíi 4500 lára RX-7, nnkan bíi 4000 lára Supra. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìfàsẹ́yìn díẹ̀ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Àmọ́ tí agbára bá já bọ́ pátápátá níbẹ̀ tí kò tètè padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ọ̀pá rọ́bà kéékèèké tó ń gbé afẹ́fẹ́ ti là, wọ́n pọ̀ gan-an nínú RX-7, wọ́n sì ti dàgbà. Ẹ má fi ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn ṣojú fún gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí dáínò lò, ó dáa, àmọ́ dáínò kan náà, ọjọ́ kan náà. Dáínò ti ibí àti ti ọ̀hún kì í sọ nnkan kan náà, ohun tó sì ń kà ni agbára tó dé ẹsẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé, gíà àti ṣáàfù ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ojú ìlà tó yà ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi góńgó rẹ̀ sílẹ̀.

Ìrìn ọkọ̀: láti táyà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe jìn sí kòtò. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fi ọkọ̀ méjì wéra, ọkọ̀ tirẹ̀ àti ọkọ̀ tèmi, a wà wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì sọ ọ́ gbangba pé orí ọkọ̀ tirẹ̀ kì í gbọ́ràn, tẹ́ ẹ bá yí sitíárìn á kọ́kọ́ ronú ná. Ó dùn ún, mo rí i lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn tí mo ka déètì ara táyà: ó ti lé ní ọdún méje, ó ti le bí igi. Ìwọ̀n táyà wọn bára mu, la bá pààrọ̀ wọn, ti tèmi sórí tirẹ̀, ti tirẹ̀ sórí tèmi. Gbogbo nnkan tí mo sọ lánàá yí padà sí ọkọ̀ tèmi. Mo bẹ̀ ẹ́, láti ọjọ́ yẹn mi ò sọ̀rọ̀ nípa ìrìn ọkọ̀ kankan mọ́ láì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo táyà.

Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára DOT, ìyẹn kóòdù tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, ni kẹ́ ẹ wá. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Tí táyà méjèèjì ò bá jọra, tí ẹ ò sì lè pààrọ̀ wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì fi í sọ́kàn nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dájọ́. Toyota gan-an mọ bí táyà ṣe ń yí ọkọ̀ padà, GT86 tí wọ́n gbé jáde ní 2012, táyà Michelin Primacy ni wọ́n fi sí i, irú èyí tí Prius tí kì í ṣe ọkọ̀ asáré ń lò, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa yọ̀ ní eré tí kò pọ̀ kí ẹni tó ń wà á lè máa ṣeré. Ẹni tó bá fi táyà tó di ilẹ̀ mú gan sí i, ọkọ̀ míì ló ń wà.

Lẹ́yìn táyà, ẹ ka atẹ́gùn inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì tutù, ẹ gbé wọn sórí iye tí ilé-iṣẹ́ kọ. Ẹ yẹ aláínmẹ́ńtì wò. Ẹ wo búúṣì àti ṣọ́ọ̀kì, pàápàá lára ọkọ̀ 1990s. Rọ́bà tó ti gbó ń sọ ọkọ̀ tó mú di ọkọ̀ tó ń mì bí ẹni tó mutí, ẹ ò sì ní mọ̀ pé òun ni, ẹ á kàn máa bú ọkọ̀. Ara ọkọ̀ náà ń kópa: nígbà tí Ayrton Senna, awakọ̀ Formula 1, wa NSX tí wọ́n ṣì ń ṣe lọ́wọ́ ní Suzuka ní 1989, ohun tó sọ fún wọn ni pé ara ọkọ̀ náà ò le tó, Honda sì padà lọ mú un le sí i kí wọ́n tó gbé e síta. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kan ti ní jàǹbá rí tí wọ́n wá fi iná jó o pọ̀, kò ní rìn bí ìyá rẹ̀ ṣe bí i.

Òbìrìkìtì

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù rèé. Níbi gbalasa tẹ́ ẹ wà, ẹ fi okùn mítà 30 ya òbìrìkìtì, ẹ to kóònù sí i. Ẹ máa wa ọkọ̀ yí i po, kí àárín ọkọ̀ máa tẹ̀lé ìlà yẹn, kẹ́ ẹ máa fi eré kún un díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní lè yára mọ́ láìkúrò lójú ìlà. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí òbìrìkìtì kan gbà. Ẹ fi iye yẹn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ wá fi èsì rẹ̀ pín 120.7, ohun tó jáde ni g tí ọkọ̀ náà ń fara dà ní ẹ̀gbẹ́ (1g ni agbára tó dọ́gba pẹ̀lú ìwọ̀n ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀). Ìṣẹ́jú-àáyá 12 máa jẹ́ 0.84g. Ìṣẹ́jú-àáyá 11.5 máa jẹ́ 0.91g. Ẹ rí i pé ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá péré ni, ó sì ti tó láti ya ọkọ̀ tó dáa sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ tó dáa gan.

Nọ́ńbà yẹn dáa, àmọ́ ohun tí ọkọ̀ ń ṣe nígbà tó bá dé òpin rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ṣé orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yọ̀ jáde, tẹ́ ẹ yí sitíárìn kún un tí kò gbọ́? Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní understeer. Àbí ìdí rẹ̀ ló fẹ́ sá jáde? Ìyẹn oversteer. Tẹ́ ẹ bá ti wà lójú òpin yẹn, ẹ yọ ẹsẹ̀ díẹ̀ lórí iná, kì í ṣe lójijì o, kẹ́ ẹ sì fọkàn bá ìdí ọkọ̀ lọ. MX-5 máa ń sọ fún yín tipẹ́ kó tó ṣe nnkan, ẹ á gbọ́ ọ nínú ìjókòó, ẹ á ráyè dá a padà. S2000 tó kọ́kọ́ jáde ò ní sùúrù bẹ́ẹ̀, tí ìdí rẹ̀ bá lọ, ó yára lọ, ó sì wà lára ohun tí Honda tún ṣe sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó di 2004. MR2 SW20 tó kọ́kọ́ jáde náà bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn ìjókòó ń ti ìdí ọkọ̀ lọ nígbà tẹ́ ẹ bá yọ ẹsẹ̀, Toyota tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe nígbà tó yá. Torí náà tó bá jẹ́ méjì yìí lẹ fẹ́ dán wò, àyè tó fẹ̀ gan ni kẹ́ ẹ wá, òjò ò sì gbọdọ̀ tíì rọ̀.

Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà, irú Civic Type R, ẹ dán an wò láti inú kọ́ọ̀nà jáde. Ẹ tẹ iná nígbà tí sitíárìn ṣì yí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ja sitíárìn gbà lọ́wọ́ yín, àbí kí ẹsẹ̀ inú máa yí lásán. Type R EK9 ti 1997 tó ní 185PS látinú lítà 1.6 ní LSD níwájú, èyí tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì fa pọ̀, ẹ tẹ iná kó sì fa orí ara rẹ̀ wọnú kọ́ọ̀nà. FK8 ti 2017 tó ní 320PS, wọ́n ní láti ya ibi tí sitíárìn ti ń yí sọ́tọ̀ kúrò lára ṣọ́ọ̀kì iwájú kí agbára yẹn má bàa gbé ọwọ́ yín lọ. Ẹ wa méjèèjì tẹ̀léra, ẹ á mọ nnkan tí mò ń sọ.

Àwọn tí gbogbo ẹsẹ̀ wọn ń fà, ẹ má pè wọ́n ní ọ̀kan náà. R32, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbà tí ẹ̀yìn bá fẹ́ yọ̀ ni ẹ̀rọ ATTESA máa pín agbára lọ síwájú, kò sì ní ju ìdajì lọ. Ọkọ̀ yẹn jáwé olúborí nínú gbogbo ìdíje 29 tó sá nínú Group A ní Japan láti 1990 dé 1993, gbogbo ẹ̀ pátá. Evo ní AYC láti Evo IV, ó ń pín agbára láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún àti òsì, ìdí nìyẹn tó fi ń yí bí ẹni pé ẹnì kan ń tì í láti ìta. STI tó ní DCCD, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi ọwọ́ yan bí agbára ṣe máa pín láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, torí náà ẹ dán an wò ní ó kéré tán ibi méjì lórí bọ́tìnì yẹn kẹ́ ẹ tó sọ pé orí rẹ̀ wúwo.

Àwọn ìdánwò tó kù, àti bí ẹ ṣe máa tò wọ́n

Ẹ to kóònù márùn-ún ní ìlà kan, mítà 18 síra, ẹ máa gba àárín wọn kọjá bí ejò. Ẹ kíyè sí bóyá ọkọ̀ ń tètè gbàgbé yíyí tẹ́lẹ̀ kó tó gba tuntun. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó fúyẹ́ ti ń dójú ti ọkọ̀ ńlá. Bíréèkì, ẹ tẹ̀ ẹ́ le láti 100 dé ìdúró ní ìgbà mẹ́fà tẹ̀léra, ìgbà àkọ́kọ́ ò sọ nnkan kan, ìgbà karùn-ún àti ìkẹfà lẹ máa mọ̀ bóyá pẹ́dàlì ń rọ̀. Ẹ́ńjìnnì tọ́bò náà bẹ́ẹ̀, tí intercooler (èyí tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù) bá ti gbóná, èsì ìkẹfà á ti dínkù sí ti àkọ́kọ́, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ètò tí mò ń tẹ̀lé kò ju èyí lọ: ọkọ̀ A, ọkọ̀ B, ọkọ̀ A lẹ́ẹ̀kan si. Ẹ̀ẹ̀kejì A yẹn ṣe kókó. Títì ti gbóná, ọwọ́ yín náà ti mọ́ra, tí A bá yára ní ẹ̀ẹ̀kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ, apá kan nínú ohun tẹ́ ẹ rò pé B fi dáa jù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi dáa jù. Ẹni kan náà ni kó wà wọ́n, tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ méjì, kí kálukú kọ tirẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ síra yín, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ máa ń gbé etí ìkejì lọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ náà, ẹ má kọ "ó dùn" tàbí "kò dùn". Ẹ kọ "kọ́ọ̀nà kejì, mo tẹ iná, orí yọ̀". Ẹ kọ "gíà kẹta, ìyípo 4000, ó dúró díẹ̀". Lọ́sẹ̀ méjì sí i tẹ́ ẹ bá tún kà á, ẹ á ṣì rántí.

Kẹ́ ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì tó ní tọ́bò lẹ́yìn gbogbo eléyìí, ẹ wà á pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láì tẹ iná, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó dúró fún bí ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́, torí ọ́ìlì tó bá dúró lójijì sínú tọ́bò tó ń pọ́n bí iná máa jó mọ́ inú rẹ̀. Bó ṣe ń tutù yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ka atẹ́gùn táyà nígbà tó ṣì gbóná, ẹ yẹ nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò bóyá wọ́n ṣì le, ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sábẹ́ èsì ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú déètì táyà àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí.